Aṣọ Tí Bàbá Mi Rán fún Fọlákẹ́

Òórùn méjì ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àkọ́kọ́ ni ti áyọ́ọ̀nù eléèédú, nígbà tí bàbá mi bá gbé e lé aṣọ kakí tó ti wọ́n omi sí, tí ooru á rú fùù, tí gbogbo yàrá iwájú á máa rùn bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kan páànù gbígbóná. Ìkejì ni ti ogógóró. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, kì í ṣe òórùn ọ̀mùtí tó sùn sójú gọ́tà ni mò ń sọ. Gíláàsì kékeré kan ni, tí kò ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ, ó máa ń wà lórí máṣíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀kì àti àlùmọ́gàjí. Bàámi máa ń ní òun fi ń la ojú ni. Títí di òní, bí mo bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kọjá tí mo gbóòórùn aṣọ tútù lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, imú mi á máa wá ogógóró kiri. Inú mi á sì dùn, kí n tó wá rántí pé kò yẹ kó dùn.

Ohun tí àwọn èèyàn àdúgbò wa fi mọ bàbá mi ni pé kì í kọ ìwọ̀n sílẹ̀. Á na téèpù láti èjìká yín dé ọrùn ọwọ́, á pe nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè jókòó sí Ìbàdàn kí ẹ fi aṣọ ránṣẹ́ sí i, á rán an, á sì bá yín mu wẹ́kú. Gbogbo akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wọ̀n lọ́sàn-án ọjọ́ kan láì mú bíírò lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí aṣọ rẹ̀ fún tàbí tó tóbi. Àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìgbéraga ni. Màámi, tó jẹ́ tíṣà praimárì, kò pè é ní ìgbéraga, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń sọ pé, "Orí kì í ṣe àpótí, Bàbá Bùkọ́lá. Àpótí ní kọ́kọ́rọ́." Bàámi á rẹ́rìn-ín, á gbé gíláàsì rẹ̀, á ní orí tòun ju àpótí lọ.

N kò lè sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló máa ń bí mi nínú, pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ní ọjọ́. Gíláàsì àárọ̀ bí ti ọ̀sán, ti ọ̀sán bí ti ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tó rí wọn nígbà tí wọ́n ń bímọ. Ohun tí mo rántí ni Bàbá kan tó wá gba ṣòkòtò tó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde. Ó wọ̀ ọ́, ṣòkòtò dúró sí agbedeméjì ojúgun. Bàámi wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó ní Bàbá náà ló ga sí i. Ẹni ọgọ́ta ọdún! Bàbá náà ní, "Ṣànyà, ṣé orí rẹ pé báyìí?" Bàámi ní, "Ó dá mi lójú bí mo ṣe ń jẹ́ Ṣànyà." Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Kì í bínú bó bá ń sọ ọ́, kì í gbójú sá. Èmi tí mo jókòó sídìí àpótí bọ́tìnnì, mo wo ojú rẹ̀ títí, mo ń wá irọ́ níbẹ̀, n kò rí i. Nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé kò sí irọ́ níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó sọ dá a lójú ni.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti di orí fún bàbá mi. Praimárì fọ́ọ̀ ni mo wà, mo máa tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bí oníbàárà bá wọlé, bí Bàámi bá ti pe nọ́ńbà, màá kọ ọ́ sínú nóòtù kan tí Màámi fún mi, màá sì fi nóòtù náà sábẹ́ àpótí bọ́tìnnì. Ní ọjọ́ tó bá fẹ́ gé aṣọ, á kọ́kọ́ dúró bí ẹni ń gbọ́ orin láti òkèèrè. Lẹ́yìn náà á bojú wẹ̀yìn, á ní, "Bùkọ́, kí ni mo wí?" Màá ní, "Ẹ ní ogójì, Bàámi." Á ní, "Ṣe bí mo mọ̀." A ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Inú mi ń dùn nígbà yẹn o, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Ọmọ wo ni inú rẹ̀ ò ní dùn pé bàbá òun ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òun?

Ibi tí Màmá Ìmùṣin ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni ọkọ gbé e lọ, ibẹ̀ náà ló ti di opó. Ó ga, ó dúdú, ó ní èjí, ó sì ń sọ Ìjẹ̀bú tó jinlẹ̀ débi pé àwa ọmọ ilé-ìwé máa ń fi ẹ̀rín pamọ́. Bó bá ń bọ̀, á gbé ewùrà dání fún ìkọ́kọ́rẹ́, á jókòó sórí àga oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù, á máa wo àbúrò rẹ̀ bó ṣe ń gbé gíláàsì. Kò bú u rí. Á kàn máa wo ọwọ́ rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Fọlákẹ́ ló ń jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ibà gbé e lọ, ọdún púpọ̀ ṣáájú kí wọ́n tó bí èmi. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ̀ ọ́n, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni kò mọ̀: òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Bí ọmọ bá kú, ẹlòmíràn ló ń gbé e lọ sin, ìyá kì í tẹ̀ lé wọn, bàbá kì í béèrè, wọn kì í sì í fi àmì síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ò lòdì sí i, ìmàle ò lòdì sí i. Bàbá mi ló gbé Fọlákẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin ni nígbà náà. Ó gbé e lọ sí ilé bàbá wọn ní Ìbefun, ó dá a sin lẹ́yìn ilé, kò sì sọ ibẹ̀ fún ẹ̀dá kan. Ìyẹn náà wà nínú orí tó ju àpótí lọ.

Lọ́jọ́ kan tí Bàámi lọ ra òwú, Màmá Ìmùṣin fà mí mọ́ra sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Bùkọ́, mo fẹ́ rán ẹ níṣẹ́. Tí mo bá kú, ẹ̀gbẹ́ ọmọ mi ni mo fẹ́ kí wọ́n tẹ́ mi sí. Èèwọ̀ á ti kúrò lórí mi lọ́jọ́ yẹn. Bàbá ẹ nìkan ló mọ ibẹ̀, bàbá ẹ sì ti ń lọ lójú mi." Ó wo ẹnu ọ̀nà. "Gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ fún mi kí ọtí tó gbà á. Má sọ fún mi o. Mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí mo bá kú ni kí o wá na ọwọ́ síbẹ̀." Mo ní, "Ẹ̀hẹn, Màmá." Ó ní kí n fi ọwọ́ ọ̀tún gba ọwọ́ òun, mo gbà á. Ó fún mi ní ẹ̀pà sísè.

Kò le láti mú Bàámi sọ̀rọ̀. Mo ṣáà ní kó mú mi lọ sí Ìbefun, ó sì mú mi lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nígbà ọlidé. Ilé bàbá wọn ti ń wó nígbà yẹn. Lẹ́yìn ilé, ògiri ilé ìdáná àtijọ́ nìkan ló dúró, gígùn gbọọrọ. Igi orógbó wà níwájú ògiri náà ní ìpẹ̀kun kan, igi àgbálùmọ̀ wà ní ìpẹ̀kun kejì. Mo sọ ohun tí Màmá rán mi. Lẹ́yìn náà ló yọ téèpù rẹ̀ lọ́rùn, ó kúnlẹ̀, ó wọn ilẹ̀ láti ìdí igi orógbó lọ, bí ẹni ń wọn ẹ̀yìn oníbàárà. Ó ní, "Íǹṣì mọ́kànléláàádọ́rin láti ìdí igi." Ó wọ̀n ọ́n láti ara ògiri. Ó ní, "Méjìdínlógójì." Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ní, "Ibí ni Fọlákẹ́ wà. Ó dá mi lójú bí mo ṣe ń jẹ́ Ṣànyà."

Mo kọ ọ́ sínú nóòtù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, nítorí pé Màmá Ìmùṣin mọ ìwé kà, ó sì máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Bó bá rí "orógbó" àti "ògiri," mo ti ba èèwọ̀ jẹ́ nìyẹn. Mo wá dá ọgbọ́n, ọgbọ́n ọmọ télọ̀. Mo kọ ọ́ bí ìwọ̀n oníbàárà, sáàárín àwọn oníbàárà tó kù: "Fọlákẹ́. Gígùn 71. Ẹ̀gbẹ́ 38." N kò kọ igi, n kò kọ ògiri. Inú mi dùn sí ọgbọ́n yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, n kì bá tí jókòó kọ èyí. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, Bàámi jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ bàtà, ó ní ká lọ sí Ìbefun, òun fẹ́ fi ohun kan hàn mí kí òun tó kú. Mo ní, "Bàámi, ẹ ti fi hàn mí." Ó ní rárá. A dé ibẹ̀, ó kọjá lára orógbó bí ẹni tí kò rí i, ó lọ sídìí àgbálùmọ̀ ní ìpẹ̀kun kejì. Ó mú ike ogógóró dání lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ló fi júwe. Ó ní, "Ibí ni." Ó yọ téèpù, ó wọ̀n ọ́n, ó pe nọ́ńbà. N kò gbọ́ nọ́ńbà náà, etí mi ti di. Ó ń sọ bí ó ṣe sin ín, bí òjò ṣe ń ṣú, bí ó ṣe já ewé àgbálùmọ̀ bo ilẹ̀. Ó sunkún. Ní ìdí orógbó, kò sunkún. Èmi ò mọ èyí tó yẹ kí n gbà gbọ́ nínú ẹkún àti àìsunkún.

Mo sọ fún Màámi nígbà tí a padà délé. Ó jókòó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Èyí tó fi ọwọ́ ọ̀tún júwe ni kí o dì mú." Mo dì í mú. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn, ọwọ́ ọ̀tún.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ti aṣọ. Bàámi ti mọ̀ nípa nóòtù nígbà náà, kò tún bi mí léèrè mọ́, á kàn fa nóòtù yọ, á wo orúkọ, á gé aṣọ. Mo ti ilé-ìwé dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá aṣọ funfun kan lórí ìṣó, kaba ni, ó gùn láti ìṣó títí ó fi ń wọ́ nílẹ̀. Ó dára o! Ó fi léèsì sí ọrùn, ó ṣẹ́ etí ọwọ́ aṣọ náà po. Ó ti fi píìnì gún ìwé pélébé kan mọ́ àyà rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe fún aṣọ tó bá ti parí. Mo ka orúkọ tó wà níbẹ̀. Bàámi ti rí Fọlákẹ́ nínú nóòtù, ó ti rán aṣọ fún un. Gígùn mọ́kànléláàádọ́rin. Ta ló ga tó bẹ́ẹ̀ nínú ìran wa?

Kí n tó rí ìwé náà já, Màmá Ìmùṣin wọlé pẹ̀lú ewùrà rẹ̀. Ó kà á. Ó gbé ewùrà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé ẹyin sílẹ̀. Ó ní, "Ṣànyà, ta ló ni aṣọ yìí?"

Bàbá mi ò tilẹ̀ ronú. Ó ní, "Oníbàárà kan ni, ẹ̀gbọ́n mi. Obìnrin kan báyìí. Ó ga gan-an."

"Ó ga?"

"Ó ga, ó dúdú." Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀ níbẹ̀, n kò mọ̀ nígbà yẹn pé ibẹ̀ ló ti ń rí i kó jọ. "Ó ní èjí. Bíi tiyín. Ó ní òun ń bọ̀ wá gbà á ní Sátidé."

Màmá Ìmùṣin jókòó. Obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ni, ọmọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ni, kò lè la ẹnu kó sọ ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ló mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àkúdàáyà, ẹni tó kú síbí tó lọ ń gbé ìlú mìíràn, tó dàgbà, tó ń ná ọjà bí ẹlòmíràn. Ó ń ka ọdún lórí ìka ọwọ́ rẹ̀, mo rí i. Bí Fọlákẹ́ bá wà láàyè, á ti tó obìnrin tó ga. Ó ní, "Èjí bíi tèmi." Omi bọ́ lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín. N kò tíì rí méjèèjì lójú kan náà rí.

Ẹ gbà mí o. Kí ni kí ọmọdé ṣe? Bí mo bá ní kì í ṣe aṣọ, pé ìwọ̀n ilẹ̀ ni, mo ti fi ojú oórì ọmọ han ìyá rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, á máa dúró de ẹni tí kò sí. Mo dákẹ́.

Ní Sátidé, ó ti dé kí oòrùn tó yọ. Ó wọ aṣọ tó fi ń lọ gba ara Olúwa, ó se oúnjẹ dání. Ó jókòó títí di ọ̀sán. Gbogbo ẹni tó bá ya ṣọ́ọ̀bù, á gbé ojú sókè. Níkẹyìn ó ní, "Ṣànyà, oníbàárà ẹ pẹ́." Bàámi gbé orí sókè nídìí máṣíìnì. Ó wò ó bí àlejò. Ó ní, "Oníbàárà wo?"

"Obìnrin tó ga. Tó ni aṣọ funfun yìí."

"Obìnrin wo?" Ó wo aṣọ náà. "Ta ló rán èyí?"

Ojú Màmá Ìmùṣin! Mi ò lè kọ bó ṣe rí. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní, "Ó ti wá, Màmá. Lánàá ló wá, ẹ̀yin ò tíì dé, Bàámi sì ti sùn. Ó ní kí ẹ bá òun tọ́jú aṣọ náà. Ó ní òun á wá gbà á lọ́wọ́ yín." Ó bi mí bí ohùn rẹ̀ ṣe rí. Mo ní ó rọra ń sọ̀rọ̀. Ó bi mí ohun tó wọ̀. Mo ní ìró àti bùbá aláwọ̀ ewé, pé ó dúró sí ẹnu ọ̀nà kò wọlé, pé ó fi ọwọ́ kan mí lórí. Ọ̀rọ̀ náà ń tú jáde lẹ́nu mi láìkọsẹ̀, bí ẹni ń ka ìwé. Màmá ká aṣọ náà sínú ìborùn rẹ̀, ó kí mi, ó gbàdúrà fún mi, ó lọ. Bàámi sì ń wò mí. Ó ní, "Ṣé lóòótọ́ ló wá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ṣe bí mo mọ̀."

Mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì nígbà tí wọ́n gbé Bàámi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà náà ṣàlàyé fún Màámi, èmi náà ń gbọ́. Ó ní ọtí tó bá pẹ́ lára máa ń ba ibi tí ọpọlọ fi ń tọ́jú nǹkan jẹ́, pàápàá bí ẹni náà ò bá jẹun dáadáa, pé ohun àárọ̀ yìí kì í dúró níbẹ̀ di ọ̀sán. Ó ní ọpọlọ kì í fẹ́ àlàfo, á máa fi ìtàn dí i, ẹni náà kò sì ní mọ̀ pé òun ló hùmọ̀ ọ́n. "Kì í ṣe irọ́, mádáàmù. Lójú tiwọn, wọ́n rí i ni." Ó ní ohun àtijọ́ ló máa ń pẹ́ jù kó tó lọ. Èyí tó sọ kẹ́yìn yìí ló tún wá da gbogbo rẹ̀ rú fún mi. Fọlákẹ́ kì í ṣe ohun àárọ̀, ohun àtijọ́ ni. Bí ohun àtijọ́ bá ń pẹ́, kí ló dé tí igi fi di méjì? Bàámi kú kí n tó rí ìdáhùn, nóòtù náà sì bá ikán lọ nígbà tí a kó kúrò ní ilé náà.

N kò fi ẹnu kan ọtí rí. Ẹ bi àwọn ọ̀rẹ́ mi léèrè, kódà wáìnì níbi ìgbéyàwó, mo máa ń yí gíláàsì mi dojú bolẹ̀ ni. Mo rò pé orí mi yóò fi bẹ́ẹ̀ dúró.

Màmá Ìmùṣin kú lọ́dún yìí. Ó gbó, ó tó, orí rẹ̀ pé pérépéré dọ́jọ́ ikú. Wọ́n bá aṣọ funfun yẹn nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀, káńfọ̀ wà nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ fún àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ pé kí wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ òun nínú pósí, kí òun lè bá oníǹkan gbé e lọ. Ó ní Bùkọ́lá ló mọ ibi tí wọ́n máa sin òun sí. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, mo dúró lẹ́yìn ilé bàbá wọn ní Ìbefun, kaba funfun wà lápá mi, ọkùnrin méjì tó fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ sì ń retí ẹnu mi.

Ògiri ti di ìdajì, ṣùgbọ́n igi méjèèjì wà níbẹ̀. Mo mọ nọ́ńbà náà, aṣọ náà sì wà níbẹ̀ láti jẹ́rìí. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ láti ìdí igi orógbó lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọrùn rẹ̀ sí ìdí igi, etí rẹ̀ sí ibi tó parí sí. Mo fẹ́ na ọwọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni imú mi gbóòórùn aṣọ tútù àti ogógóró, níbi tí kò ti sí áyọ́ọ̀nù kankan.

Ọwọ́ ọ̀tún ni mo ti dì mú láti ọmọ ọdún mẹ́wàá: ní ìdí orógbó, ojú Bàámi mọ́, kò mu nǹkan kan. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kò sí àárọ̀ tí kò mu. Mo wá ń bi ara mi bóyá mo mú nóòtù dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àbí ọjọ́ kejì ni mo mú un? Àbí nọ́ńbà tí mo ní etí mi ò gbọ́ nídìí àgbálùmọ̀ yẹn ni mo kọ? Bí mo ṣe ń wá a nínú orí mi, ẹni tí mo rí kedere jù lọ níbẹ̀ ni obìnrin tó ga. Mo rí i lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Mo rí ìró aláwọ̀ ewé rẹ̀, mo rí èjí rẹ̀, orí mi ṣì mọ ìwúwo ọwọ́ rẹ̀. Mo rí i ju bí mo ṣe rí orógbó lọ, ju bí mo ṣe rí ojú bàbá mi lọ. Èmi ni mo sì dá a.

Ọmọ kékeré tó jókòó sídìí àpótí bọ́tìnnì yẹn mọ òtítọ́, kò láṣẹ láti sọ ọ́. Èmi tí wọ́n ń pè ní Àǹtí báyìí, tí gbogbo ẹbí dúró tì, mo láṣẹ láti sọ ọ́, n kò sì mọ̀ ọ́n mọ́. Mo bínú sí Bàámi níbẹ̀, mo bínú gidi. Lẹ́yìn náà àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí pé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo wà níbi tó wà ní gbogbo àárọ̀ tó fi ń wẹ̀yìn wò mí.

Èyí àgbà nínú àwọn agbẹ́lẹ̀ náà ní, "Àǹtí, ṣé ibi tí aṣọ parí sí yìí ni? Ṣé ó dá yín lójú?"

Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi.

"Ó dá mi lójú," mo ní, "bí mo ṣe ń jẹ́ Bùkọ́lá."

Mo ká aṣọ náà kúrò nílẹ̀, mo gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù, mo gbé e lọ fún Màmá. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀.